Ọ̀wọ́ Ìwé Wo Ló Bá Ọmọ Yín Mu? Ìfiwéra fún Òbí àti Olùkọ́ ní Ọ̀yọ́

"Ìwé wo ni kí n rà fún ọmọ mi?" Ìbéèrè yìí ni àwọn òbí máa ń bi mí jù lọ níbí ní Ọ̀yọ́, pàápàá tí ọlidé bá ti ń sún mọ́. Èmi náà á wá bi wọ́n pé: ta ni ọmọ náà fẹ́ máa bá rìn? Ìwé kan ṣoṣo, bó ti wù kó dùn tó, ọjọ́ tí ọmọ bá kà á tán ló tán. Àmọ́ tí ìwé náà bá ní àbúrò, tí àbúrò náà tún ní àbúrò, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá wọn kiri. Ẹ ò ní í mú ẹgba kó tó kàwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dábàá ọ̀wọ́ ìwé, ìyẹn àwọn ìwé tó tò tẹ̀ léra, ju ìwé ẹlẹ́yọ lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ kan ò jọ̀kan, àìmọ ìyàtọ̀ wọn ló sì ń jẹ́ kí owó òbí ṣòfò. Àwọn kan jẹ́ ìwé ẹ̀kọ́ tó ń gòkè láti ìpele dé ìpele; ọmọ tó bá fo ọ̀kan, èyí tó kàn yóò le fún un. Àwọn kan ní ẹ̀dá ìtàn kan náà, ṣùgbọ́n ìtàn inú ìwé kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ti àwọn mìíràn jẹ́ ìtàn kan ṣoṣo tí wọ́n pín sí ọ̀nà púpọ̀. Ẹni tó ra ìwé kejì láìra àkọ́kọ́ kò ní í mọ orí, kò ní í mọ ìdí. Àwọn kan sì tún wà tó jẹ́ pé orúkọ ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ wọ́n nìkan ló so wọ́n pọ̀. Ẹ mọ èyí tí ẹ mú dání kí ẹ tó yọ owó.

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà: Aláwìíyé àti Peter òun Jane

Ta ni kò mọ Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ nínú àwa tí a ti dàgbà? Ohun tí ọmọ ń rí lójoojúmọ́ ló wà nínú rẹ̀: ilé, oko, ọjà, ẹran ọ̀sìn, ìtàn ìjàpá, ewì. Ibẹ̀ ni ewì "Iṣẹ́ Ni Oògùn Ìṣẹ́" ti wá, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ lórí láìmọ ẹni tó kọ ọ́. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ìwé kìíní fi ọ̀rọ̀ kúkúrú bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọmọ bá sì fi máa dé àwọn ti òkè, ìtàn gidi ló ń kà, tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Key Words ti Ladybird, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Peter àti Jane. Ọdún 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé 36 ni, ìpele 12, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní a, b àti c. Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú a náà ló wà nínú b, wọ́n kàn lò wọ́n fún nǹkan mìíràn ni. C ló ń kọ́ ọmọ ní kíkọ. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ 12 péré ló kó ìdá mẹ́rin ohun tí èèyàn ń kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà, kí ọmọ máa rí wọn ṣáá títí ojú rẹ̀ á fi mọ̀ wọ́n. Kò sí ìtàn púpọ̀ níbẹ̀. Ajá sáré, Peter rí ajá, Jane rí ajá. Ó máa ń sú àwọn ọmọ kan.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ti inú èdè wọn wá. Gẹ̀ẹ́sì kì í kọ ọ̀rọ̀ bó ṣe ń pè é, ìdí nìyẹn tí àtúnkà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Yorùbá ní tirẹ̀, lẹ́tà 25 ni. Ọmọ tó bá mọ̀ wọ́n, tó sì mọ dò, re, mí, kò sí ọ̀rọ̀ tí kò lè gbìyànjú. Mo ti rí ọmọ tí kò tíì lè ka gbólóhùn kan délẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ń ka ìtàn ìjàpá fún àbúrò rẹ̀ láìdúró. Ayọ̀ ọjọ́ náà, tí ọmọ bá rí i pé òun lè kàwé, ló ń mú un dúró ti ìwé. Bí ọmọ yín bá tilẹ̀ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àdáni tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ fi Aláwìíyé bẹ̀rẹ̀ nílé, kí ẹ wá fi Peter àti Jane tì í lẹ́yìn. Ó ń dùn mí gan-an láti rí ọmọ tí wọ́n bí sí Ọ̀yọ́, tó ń gbé Ọ̀yọ́, tí kò lè ka pátákó tí wọ́n fi Yorùbá kọ sí iwájú ilé wọn.

Ọmọ ọdún méje sí mẹ́wàá: Anna Hibiscus àti Famous Five

Atinuke, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, ló kọ Anna Hibiscus. Ọmọdébìnrin kan tó ń gbé nínú agbo ilé ńlá ni: ìyá àgbà, bàbá àgbà, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òbí, àwọn ọmọ wọn, àti àwọn ìbejì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Double àti Trouble. Ará Kánádà ni ìyá rẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2007, ìtàn kéékèèké mẹ́rin ló sì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó tẹ̀ lé e. Ẹ lè ka ọ̀kan lálẹ́ kí iná tó lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn yẹn wà tí mo máa ń kà fún gbogbo ọmọ tó bá wá sọ́dọ̀ mi. Anna rí àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri ọsàn, ó wù ú, ó sì ká ọsàn inú ọgbà ilé wọn lọ tà lẹ́nu géètì. Tirẹ̀ tà wàràwàrà. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ọsàn wá oúnjẹ kò wá rí tà. Bàbá àgbà ló la ojú rẹ̀ sí ohun tó ṣe, Anna sì ní láti wá bí yóò ṣe tún un ṣe. Ọmọ tó bá ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà Àkẹ̀sán kò nílò àlàyé kankan. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń dákẹ́, lẹ́yìn náà ni ariyanjiyan á bẹ̀rẹ̀: ṣé Anna jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi?

Famous Five ti Enid Blyton ní tirẹ̀ jẹ́ ìwé 21, láti ọdún 1942 sí 1963. Ọmọ mẹ́rin àti ajá kan, Timmy, ni wọ́n máa ń bá àdììtú pàdé ní gbogbo ọlidé: erékùṣù, ihò abẹ́ ilẹ̀, àwọn tó ń kó ẹrù òfin. Ẹ ò nílò láti tò ó. Àlòkù rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àtijọ́, ìtàn rẹ̀ sì ń fa ọmọ bí òòfà ṣe ń fa irin. Ṣùgbọ́n ayé mìíràn ló ń sọ, ayé òyìnbó àtijọ́, níbi tí Anne ti máa ń tún ilé ṣe nígbà tí àwọn ọkùnrin ń jáde lọ wá olè. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ náà ti gbó díẹ̀.

Tí owó bá tó fún ọ̀kan ṣoṣo, Anna ni kí ẹ rà. Àmọ́ àwọn ọmọkùnrin kan máa ń rí àwòrán ọmọbìnrin lẹ́yìn ìwé, wọn á ní ti obìnrin ni. Ẹ má bá wọn jà. Òǹkọ̀wé yìí kan náà kọ The No. 1 Car Spotter, nípa ọmọkùnrin abúlé kan, Oluwalase Babatunde Benson, tó ń dá ọkọ̀ mọ̀ kó tó rí i, nípa ìró ẹ́ńjìnnì nìkan. Mi ò tíì rí ọmọkùnrin tó kọ̀ ọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mẹ́tàlá: Harry Potter àti Sunny

Ìtàn gígùn tí wọ́n pín ni méjèèjì, nítorí náà, ìwé kìíní ni ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀nà mìíràn.

Harry Potter, ìtàn ọmọkùnrin tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn oṣó, jẹ́ méje, láti ọdún 1997 sí 2007. Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ ni pé ìwé náà ń dàgbà bí Harry ṣe ń dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ka àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tó bá fi máa dé ìkẹrin, ikú ti wọ inú ìtàn, ìkarùn-ún sì ju ojú ìwé 700 lọ. Ẹ má ra méjèèje pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé wọ́n dì wọ́n sínú páálí tó rẹwà. Ẹ ra ọ̀kan. Tó bá bèèrè èkejì, ẹ rà á.

Sunny Nwazue ni akọni inú ọ̀wọ́ ti Nnedi Okorafor. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí Sunny, ọmọ Ìgbò ni, àfín ni, Abá ni òun àti àwọn òbí rẹ̀ wá ń gbé. Àwọn ọmọ kíláàsì ń fi í ṣẹlẹ́yà, kò lè gbá bọ́ọ̀lù nínú oòrùn bó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n gbá. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta wá rí i pé àwọn ní agbára kan. Nínú ayé wọn, owó tí wọ́n ń pè ní chittim máa ń já bọ́ láti òkè nígbàkígbà tí èèyàn bá kọ́ ohun tuntun. Bí ohun tó kọ́ bá ṣe jinlẹ̀ tó ni owó náà ṣe máa pọ̀ tó. Kò sí bí olówó ṣe lè rà á, ẹni tó kàwé ló ń rí i. Ọmọ tó bá ka ibẹ̀ yẹn, ẹ wo ojú rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o, nítorí orúkọ. Ní Amẹ́ríkà, Akata Witch (2011), Akata Warrior (2017) àti Akata Woman (2022) ni wọ́n ń jẹ́. Ilé iṣẹ́ Cassava Republic tó tẹ̀ ẹ́ fún wa níbí pe àkọ́kọ́ ní What Sunny Saw in the Flames, wọ́n sì pe èkejì ní Sunny and the Mysteries of Osisi. Ìwé kan náà ni! Ẹni tó ra Akata Witch, tó tún ra What Sunny Saw in the Flames, ti ra ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn òbí máa ń fa ojú ro tí a bá dé ibí. "Tíṣà, ṣé ìwé oṣó kọ́ nìyí?" Mi ò fọwọ́ rọ́ ìbéèrè yẹn sẹ́yìn, ìlú onígbàgbọ́ ni ìlú wa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, òbí sì ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tó ń wọ orí ọmọ rẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé iwin àti ẹbọra kún inú ìwé Fágúnwà, a sì ń kà á nílé ẹ̀kọ́ láti ọdún gbọọrọ. Kí ni agbára náà ń ṣe nínú ìtàn? Ta ló ń lò ó, kí ló sì ná an? Ẹ ka orí mẹ́ta àkọ́kọ́ fúnra yín. Tí ọkàn yín kò bá tún balẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kò sí ìjà níbẹ̀. Kò sí oṣó nínú Anna Hibiscus, kò sì sí nínú Famous Five.

Ọ̀dọ́ láti ọdún mẹ́tàlá: ìwé Yorùbá ló kàn

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Nígbà tí ọmọ bá wọ girama, ìwé Yorùbá máa ń di ti ìdánwò nìkan. Wọn á ní kó ka ọ̀kan, wọn á bi í ní ìbéèrè, ó parí. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ọ̀wọ́ wà ní Yorùbá, tí akọni inú ìwé kan ń padà wá nínú òmíràn.

Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́ wa níbí, ló kọ Àjà Ló Lẹrù ní ọdún 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Lápàdé ni akọni wọn, ọlọ́pàá àtijọ́ tí kò lè rí ọ̀daràn kó gbójú kúrò. Eré sísá pọ̀ níbẹ̀, ìjà pọ̀, ọkọ̀ ń lé ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn èèyàn inú rẹ̀ ni ohun tó dùn jù. Òwe ń lu òwe, èébú ń dáhùn èébú, ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ gidi. Mo kà á sókè fún àwọn ọmọ girama kan tí wọ́n ti sọ fún mi pé Yorùbá le jù fún àwọn láti kà. Wọn kò jẹ́ kí n dúró. Tí wọ́n bá bá òwe kan pàdé tí wọn kò mọ̀, wọ́n máa ń lọ bi bàbá àgbà wọn nílé, wọn á tún fi ìtumọ̀ rẹ̀ dá ara wọn lóhùn ní ọjọ́ kejì.

Kọ́lá Akínlàdé náà kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Akin Olúṣínà ni tirẹ̀, ẹ lè bá a pàdé nínú Owó Ẹ̀jẹ̀ (1976). Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì hàn kedere. Olúṣínà ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́: ó ń bi èèyàn ní ìbéèrè, ó ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ títí òótọ́ á fi yọ. Lápàdé ń fi ẹsẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ́ ṣe tirẹ̀, ọgbọ́n náà sì wà níbẹ̀. Yorùbá Akínlàdé rọrùn, gbólóhùn rẹ̀ kúrú. Ti Òkédìjí jinlẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí Yorùbá rẹ̀ kò tíì múná, ẹ fi Akínlàdé bẹ̀rẹ̀ fún un. Ọmọ tó ń gbọ́ òwe nílé, ẹ gbé Lápàdé fún un tààrà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lè ka àwọn méjèèjì, ìwà ọ̀daràn wà nínú wọn, ẹ̀jẹ̀ náà wà.

Fágúnwà ńkọ́? Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwa ará Ọ̀yọ́ sì ní ìdí láti fi yangàn, nítorí ní St. Andrew's níbí ló ti kàwé. Ìwé ìtàn rẹ̀ márùn-ún kì í ṣe ọ̀wọ́ kan ṣoṣo bí àwọn èèyàn ṣe rò. Méjì ló so kọ́ra: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), níbi tí Àkàrà-Oògùn ti sọ ìrìn àjò rẹ̀, àti Igbó Olódùmarè (1949), tó jẹ́ ìtàn Olówó-ayé, bàbá rẹ̀. Ìtàn bàbá ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jáde ni kí ọmọ ṣe kà wọ́n. Ẹ má gbé e fún un kó lọ máa dá kà á ní yàrá. Gbólóhùn Fágúnwà gùn, ó ń lọ bí ìlù, etí ló ń gbà á wọlé. Ẹ kà á sókè fún ara yín, ojú ìwé mélòó kan lálẹ́. Ọ̀pọ̀ ìtẹ̀jáde àtijọ́ sì wà ní àkọtọ́ ìgbà yẹn, "aiye", "enia", nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ń lo àkọtọ́ ọdún 1974. Kò pa ọmọ tó ti mọ̀wé kà lára, àmọ́ ó lè da ọmọ tó ń múra ìdánwò rú.

Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ irú ayé Fágúnwà ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi Tomi Adeyemi hàn án: Children of Blood and Bone (2018), Children of Virtue and Vengeance (2019), Children of Anguish and Anarchy (2024). Ìtàn kan ni, ó tò. Ọba kan ti pa àwọn tó ní agbára, Zélie sì dìde láti gbà á padà. Ẹ sọ fún ọmọ ṣáájú pé orúkọ ìlú wa ni òǹkọ̀wé mú, ilẹ̀ rẹ̀ kò rí bíi tiwa: Ilorin inú ìwé náà wà lórí omi. Ìpànìyàn àti ìdálóró pọ̀ nínú rẹ̀, mi ò ní í fún ọmọ tí kò tíì pé mẹ́rìnlá. Tí mo bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkédìjí, ìwé Adeyemi yára, ó sì ń gbéni lọ, ṣùgbọ́n kò lè fún ọmọ ní èdè rẹ̀.

Pacesetters ti Macmillan, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1977, jẹ́ ọ̀wọ́ nípa orúkọ nìkan. Òǹkọ̀wé yàtọ̀, ìtàn yàtọ̀, ibi tó bá wù yín ni kí ẹ ti mú. Wọ́n tín-ín-rín, wọ́n yá kà, ó dára fún ọmọ tí ìwé ńlá ń bà lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìwà ipá wà nínú òmíràn, nítorí náà, ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.

Kí ẹ tó sanwó

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ìwé Yorùbá ló sì máa ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Ẹ ṣí ìwé náà sí àárín, ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ àti ọ. Tí wọ́n bá ya ìwé láti ara ìwé mìíràn, àmì abẹ́ lẹ́tà ló máa ń kọ́kọ́ parẹ́, àmì orí náà á tẹ̀ lé e, ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá á wá máa ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà ojú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú ìwé tó kù lẹ́yìn kì í ṣe nǹkan kékeré nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú olè.

Ohun tí ẹ ò bá rí ní Ọ̀yọ́, ẹ wá a ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé wà ní Jẹ́ríkò, University Press, Evans àti Heinemann ti ibí (tó ń jẹ́ HEBN báyìí) wà lára wọn, ẹni tó bá sì ń lọ kí ẹbí lè bá yín yà níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé àti nọ́ńbà rẹ̀ nínú ọ̀wọ́ sínú bébà fún un, torí pé "bá mi ra ti Harry Potter yẹn" lè mú ìwé kẹfà wálé.

Àwọn ìdílé kan ládùúgbò wa ti wá ń ṣe é báyìí: ilé kan ra ìwé kìíní, èkejì ra ìwé kejì, ìkẹta ra ìkẹta, wọ́n sì ń pààrọ̀ láàárín ara wọn. Wọ́n fi bébà bo ẹ̀yìn ìwé, wọ́n kọ orúkọ ilé tó ni ín sí i. Owó ìwé kan ni ilé kọ̀ọ̀kan ná, àwọn ọmọ sì ka gbogbo rẹ̀. Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ tó ti kà á tán máa ń sọ òpin rẹ̀ fún àwọn tó kù, ẹ bá wọn ṣe òfin lórí ìyẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.